Sọ Ìdí Iṣẹ́ Rẹ: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún Iṣẹ́ Ọnà

Lọ́dọọdún ni ilé-ẹ̀kọ́ wa ń rán àwọn ọmọ jáde sí ayé. A máa ń bi wọ́n léèrè bóyá dókítà, agbẹjọ́rò tàbí ẹnjiníà ni wọ́n fẹ́ dà. Àwọn kan wà láàrin wọn tí wọn kò lè dáhùn ìbéèrè yìí tọkàntọkàn, nítorí pé ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni yíya àwòrán, kíkọ lẹ́tà tí ó dùn ún wò, tàbí títo ọ̀rọ̀ tí ó ń wọni létí. Àwọn ni wọ́n ń ya pátákó fún ọjọ́ eré ìdárayá. Àwọn ni wọ́n ń kọ orúkọ kíláàsì sára ògiri. Bí a ti ń ṣe àjọ̀dún yìí, ó yẹ kí a bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé iṣẹ́ gidi wà fún ọwọ́ wọn, a sì ń gba ènìyàn sí i.

Ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé, èyí ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a sábà ń pè ní íntáfíù. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ó dára nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá lè sọ ìdí iṣẹ́ rẹ̀, láìgbéraga àti láìbẹ̀rù, ni ẹni tí ó sábà máa ń rí iṣẹ́ gbà.

1. Irú iṣẹ́ tí à ń sọ

Ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà, tàbí ilé-iṣẹ́ ọnà àwòrán, ni ibi tí àwọn oníṣòwò ń gbé ọ̀rọ̀ ọjà wọn lọ kí a lè bá wọn wá orúkọ, àmì, àwọ̀, àwòrán àti gbólóhùn tí yóò mú kí àwọn ènìyàn mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1928 ni a dá West African Publicity sílẹ̀ ní Èkó; òun ni ó padà di Lintas. Ní ọdún 1980 ni Insight Communications bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Biodun Shobanjo sì ni olórí rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Odogbolu Grammar School ni ó sì lọ, kò jìnnà sí Rẹ́mọ rárá. Ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láti ọdún 1964, kí ó tó lọ sí Grant Advertising ní ọdún 1971. Ìmọ̀ tí ó gbà lẹ́nu iṣẹ́ ni ó gbé e dé ibi tí ó dé. Ní ọdún 2008, òun ni ó jókòó gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú ètò tẹlifíṣọ̀n The Apprentice Africa, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń du iṣẹ́ kan ṣoṣo lójú gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá wo irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé iṣẹ́ ṣíṣe nìkan kọ́ ni a fi ń dá ọ̀dọ́ lẹ́jọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ jókòó níwájú ọ̀gá kí ó sọ ohun tí ó ṣe àti ìdí tí ó fi ṣe é.

Kì í ṣe àwọn tí ń ya àwòrán nìkan ni ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń gbà. Wọ́n ń gba àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó, àwọn tí ń ya fídíò, àwọn tí ń tò ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn tí ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó mọ èdè Yorùbá kọ, tí ó sì mọ̀ ọ́n sọ dáadáa, ní ohun tí yóò tà níbẹ̀. Àjọ ARCON, tí òfin ọdún 2022 gbé kalẹ̀ láti rọ́pò APCON, kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, a kò gbọ́dọ̀ lo àwọn àjèjì bí olùfarahàn tàbí ohùn nínú ìpolówó tí a ṣe fún ọjà Nàìjíríà. Ohùn ilé ni à ń wá báyìí.

2. Ohun tí ń bẹ lọ́kàn ẹni tí ń bi ọ́ léèrè

Nínú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́, ìdáhùn kan ni ó tọ̀nà, olùkọ́ sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nínú íntáfíù fún iṣẹ́ ọnà, kò sí ẹni tí ó mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tí ó jókòó síwájú rẹ mọ̀ pé ní ọ̀la, oníbàárà kan yóò wọlé pẹ̀lú ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìwọ lè ronú láti ìdí ìṣòro dé orí iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé ẹ̀rí, bí ó tilẹ̀ wúlò, kò fi lè gba ẹnu rẹ sọ̀rọ̀.

Ẹ wo erin tí a mọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì tí ilé-iṣẹ́ Ṣàgámù ti ń ṣe láti ọdún 1978. Ọmọdé lè rò pé wọ́n kàn fi erin ṣe ọ̀ṣọ́ sára àpò ni. Ṣùgbọ́n erin ń sọ̀rọ̀ agbára láìlo lẹ́tà kankan. Bírìkìlà tí kò mọ̀wé lè fi ojú lásán yàn án láàrin àpò mìíràn. Iṣẹ́ ni àwòrán náà ń ṣe. Ẹni tí ó bá lè wo erin yìí kí ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí àwọn onílé-iṣẹ́ ìpolówó ṣe ń ronú.

Àpẹẹrẹ tí ó ga jù wà nítòsí wa. Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, ya àwòrán ènìyàn ní àkókò tí ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun gbà pé adúláwọ̀ kò lè ya irú rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí yíyà nìkan. Ní ọdún 1920 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ó fi ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ ọnà jẹ́, A Short Discourse on Art. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ sí i, ó padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó, kò sì dákẹ́ títí ìjọba fi mú Kenneth Murray wá ní ọdún 1927 láti kún un lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì sọ ìdí iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì ni ó ṣe, bóyá ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìbá tètè wọ kíláàsì wa.

3. Àkójọ iṣẹ́ rẹ

A kì í lọ sí irú íntáfíù yìí lọ́wọ́ òfo. Àkójọ iṣẹ́ ni kí o gbé lọ, ìbáà wà nínú fáìlì tàbí lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá tó. Ẹni tí ó bá kó ogójì iṣẹ́ lọ ń sọ fún wọn pé òun kò mọ èyí tí ó dára yàtọ̀. Fi èyí tí ó dára jù síwájú, kí o sì fi èyí tí ó tẹ̀ lé e sí ìparí.

Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kọ gbólóhùn mẹ́rin péré: ta ni a ṣe é fún? Kí ni ìṣòro onítọ̀hún? Kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe nínú rẹ̀? Kí ni ó yí padà lẹ́yìn rẹ̀? Fi àwòrán àkọ́kọ́ tí o fi pẹ́ńsùlù yà kún un, àní èyí tí o wọ́gi lé. Àwọn ọ̀gá máa ń fẹ́ rí ọ̀nà tí o gbà débẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì gbé iṣẹ́ fún ọ, má ṣe jókòó. Ìwé ètò ìsìn, pátákó ìyá tí ń ta àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, èèpo ìwé ìrántí kíláàsì: gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ iṣẹ́ bí o bá fi ọgbọ́n ṣe wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi bò: má ṣe fi iṣẹ́ ẹlòmíràn kún tìrẹ. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ jọ ṣe é, dárúkọ àwọn méjì yòókù, kí o sì sọ ipa tìrẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó bá ọ ya apá kan, sọ bẹ́ẹ̀, kí o sì ṣàlàyé ohun tí o yàn àti ohun tí o tún ṣe. Irọ́ kì í pẹ́ tú nínú irú yàrá yìí, nítorí pé ìbéèrè kejì ni yóò tú u. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kò lè sọ ìdí rẹ̀.

4. Àpẹẹrẹ kan: àmì fún àwọn olóbì

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó wà ní àyíká wa ṣe àlàyé. Ká ní wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ méjì ya àmì fún ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta obì ní Sábó, Ṣàgámù, kí wọ́n sì gbé e wá sí íntáfíù.

Ọ̀dọ́ kìn-ín-ní jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó wá àwòrán obì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí obì aláwẹ́ mẹ́rin tí ó rẹwà, ó fi àwọ̀ pupa kùn ún, ó sì kọ lẹ́tà wúrà yí i ká. Iṣẹ́ náà dán gbinrin.

Ọ̀dọ́ kejì kọ́kọ́ lọ sí ọjà. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ pé gbànja ni òwò tí ń kó ọkọ̀ lọ sí òkè Ọya, àti pé àwẹ́ méjì ni gbànja máa ń ní. Obì àbàtà ni ó ń ní àwẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí i pé ewé ni wọ́n fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì fi ń bo obì kí ó má baà gbẹ. Ó gbọ́ bí Yorùbá àti Haúsá ṣe jọ ń ná ọjà náà, ó sì rí i pé àmì tí ó bá gbára lé ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan yóò fi ìdajì àwọn tí ń náwó sílẹ̀. Ó padà sílé, ó ya àwẹ́ méjì tí ó wà nínú ewé tí a ká pọ̀, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sínú rẹ̀.

Bóyá iṣẹ́ ti ìkíní tilẹ̀ dùn ún wò jù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá béèrè pé, “Kí ló dé tí ó fi jẹ́ àwẹ́ mẹ́rin?” ìkíní kò ní ìdáhùn. Àgbà olóbì tí ó bá sì rí i ní ọjà yóò rẹ́rìn-ín, nítorí àbàtà ni wọ́n yà fún ẹni tí ń ta gbànja. Ọ̀dọ́ kejì ní ìdí fún gbogbo ìlà tí ó fà. Ẹsẹ̀ tí ó gbé lọ sí ọjà ni ó di ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

5. Bí a ṣe ń dá àgbà lóhùn

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le fún àwa ọmọ Rẹ́mọ, àti fún gbogbo ọmọ tí a tọ́ ní ilé rere. Wọ́n kọ́ wa pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí a tẹ orí ba, kí a má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà, kí a má sì wo àgbà lójú. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọṣẹ́ ni ó ń fi íntáfíù sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo nítorí pé “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” nìkan ni ó jáde lẹ́nu wọn. Ọ̀gá kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n gbọ́ pé kí wọ́n ní ìgboyà, tí wọ́n wá sọ ọ́ di àfojúdi.

Ọ̀nà àárín wà. Àwọn àgbà fúnra wọn ni wọ́n sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí ọ̀gá bá bi ọ́ ní ìdí iṣẹ́ rẹ, ó ń ní kí o ki ọwọ́ rẹ bọ inú kèrègbè tí ọwọ́ tirẹ̀ kò wọ̀ ni. Ìdáhùn rẹ kì í ṣe àríyànjiyàn. Iṣẹ́ ni ó rán ọ. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe lè lọ:

Ọ̀gá: Àwọ̀ ewé yìí kò wù mí. Ṣebí pupa ni obì? Kí ló dé tí o kò lo pupa?

Ọ̀dọ́: Ẹ ṣé, mà. Pupa ni mo kọ́kọ́ lò. Ó wà ní ojú-ewé kejì, ẹ wò ó. Nígbà tí mo dé ọjà, mo rí i pé gbànja funfun náà wà, àwọn kan sì ń wá a ju pupa lọ. Ewé ni ó wà nínú gbogbo apẹ̀rẹ̀, ti pupa àti ti funfun. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan àwọ̀ ewé.

Ọ̀gá: Ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ sára àpò ìdọ̀họ, kò ní hàn.

Ọ̀dọ́: Òótọ́ ni ẹ sọ, mà. N kò tíì dán an wò lára àpò. Bí ẹ bá gbà mí láyè, n ó mú kí àwọ̀ náà ṣú sí i, n ó sì mú kí ìlà rẹ̀ nípọn, kí n tún gbé e wá.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́rin. Ọ̀dọ́ yìí dúpẹ́. Ó fi hàn pé òun ti ronú nípa ohun tí ọ̀gá sọ kí ọ̀gá tó sọ ọ́. Ó fi ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọjà ṣe ìdí, kò sọ pé, “Bí ó ṣe wù mí nìyẹn.” Nígbà tí ọ̀gá sì rí ibi tí ó kù sí, ó gbà kíákíá, ó sì sọ àtúnṣe. Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀, kò sì sí ìbẹ̀rù. Ojú ẹni tí ń bi ọ́ ni kí o máa wò bí o ti ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ojú pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá ń wo ilẹ̀ yóò dà bí ẹni tí iṣẹ́ náà kò dá lójú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń lò nínú íntáfíù, nítorí náà fi èdè méjèèjì dánra wò nílé. Sọ ìdí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ìyá rẹ tàbí bàbá rẹ. Bí wọ́n bá yé ohun tí o sọ, yóò yé ọ̀gá.

6. Ìdánwò iṣẹ́, owó àti ẹ̀tàn

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fúnni ní ìdánwò iṣẹ́ kékeré. Èyí kò burú bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì. Kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ sára ohun tí o fi ránṣẹ́, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o ṣe odindi iṣẹ́ oníbàárà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá wọn yóò lò ó, àti iye tí wọn yóò san. Ilé-iṣẹ́ tí ó mọ iyì iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí o san owó kí a tó gbà ọ́ síṣẹ́, gbájúẹ̀ ni. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí ibi tí kò ní pátákó, ní àkókò tí kò bójú mu, má ṣe dá lọ, kí o sì jẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí o wà.

Nígbà tí wọ́n bá béèrè iye owó oṣù tí o fẹ́, má ṣe sọ pé, “Ohunkóhun tí ẹ bá fún mi.” Wádìí tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ náà, ṣírò owó ọkọ̀ àti ilé, kí o sì sọ iye kan. Bí wọ́n bá ní kí ìwọ náà béèrè ìbéèrè, béèrè ẹni tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀gá tí ó ń kọ́ni ṣe iyebíye ju yàrá tí ó tutù lọ.

7. Ọjọ́ náà

Bí ó bá jẹ́ Èkó ni, má ṣe fọkàn tán ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Tètè jáde kúrò ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹ́rù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Gbé iṣẹ́ rẹ sórí fóònù àti fláàṣì, kí o sì tẹ díẹ̀ sórí bébà, nítorí iná lè lọ. Bí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, dán ohùn àti àwòrán wò ní ọjọ́ kan ṣáájú. Wọ aṣọ tí ó mọ́.

Bí wọn kò bá gbà ọ́, kọ lẹ́tà kúkúrú láti dúpẹ́, kí o sì béèrè ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Láàárín àkókò náà, àyè ẹ̀kọ́ wà: Yaba College of Technology, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, wà ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Gateway Polytechnic sì wà ní Sáapàdé nílẹ̀ Rẹ́mọ níbí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń ya àwòrán, ẹ má ṣe béèrè kìkì pé, “Ṣé èyí yóò fún ọ ní oúnjẹ jẹ?” Ẹ bi í pé, “Kí ló dé tí o fi yà á bẹ́ẹ̀?” Ẹ ó ti máa pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún ìbéèrè tí yóò fún un ní oúnjẹ.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún kíláàsì

(a) Yan àmì kan tí o máa ń rí lójoojúmọ́ ní ìlú rẹ. Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Dáhùn ní gbólóhùn márùn-ún.

(b) Lọ bá oníṣòwò kan ní ọjà tí ó sún mọ́ ọ. Béèrè ohun mẹ́ta nípa ọjà rẹ̀ tí ìwọ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí o tó ya àmì fún un.

(d) Ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Kí ẹnì kan ṣe ọ̀gá tí iṣẹ́ náà kò wù, kí ẹnì kejì sì sọ ìdí iṣẹ́ rẹ̀ láìbínú àti láìdákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ipò.